Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Eré Ìdíje Mọ́tò àti Èéfín Tí Ojú Wa Kò Rí

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi ìpàdé àpapọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́. A tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn tí kò lè wá, àti nítorí àwọn tó wá ṣùgbọ́n tí wọ́n wà nídìí oúnjẹ nígbà tí ó ń sọ ọ́.

   

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ fóònù mi pé kí n wá sọ̀rọ̀, mo bi í pé lórí kí ni. Ó ní ohun tó bá wù mí, kó ṣáà má gùn. Mo mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Òun ló máa ń lu agogo nígbà àríyànjiyàn alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, èmi sì ni ẹni tí wọ́n máa ń lu agogo fún tí kì í jókòó. Lónìí, mo ṣe ìlérí pé n óò gbọ́ agogo.

Ẹ̀yin tí a jọ sùn ní hòstẹ́ẹ̀lì mọ̀ pé láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn mọ́tò. Èmi ni mo ń gé àwòrán mọ́tò láti inú ìwé ìròyìn, tí mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí àpótí mi, títí ọ̀gá ilé fi bá mi ya gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo dé ìlú Òyìnbó, ibi tí wọ́n ti ń tún bọ́ọ̀sì èrò ṣe ni mo ti rí iṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì wà di òní. Ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, iwájú tẹlifíṣọ̀n ni ẹ ó ti bá mi, tí mo ń wo Formula 1. Ìyàwó mi ti gbà fún Ọlọ́run.

Ọmọ mi obìnrin, àbíkẹ́yìn, ló dá mi dúró. Oṣù keje ọdún 2022 ni, ọjọ́ tí wọ́n ń sá eré ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Silverstone. Bí eré ṣe ń bẹ̀rẹ̀, tí ìjàǹbá ńlá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, àwọn èèyàn kan láti ẹgbẹ́ Just Stop Oil sáré wọ orí pápá, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ìjọba ṣíwọ́ fífún àwọn ilé iṣẹ́ láyè láti máa wa epo tuntun. Mo pariwo pé kí wọ́n kó gbogbo wọn tì mọ́lé. Lóòótọ́, ilé ẹjọ́ dá mẹ́fà lára wọn lẹ́bi lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nítorí ewu tí wọ́n fà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ọmọ mi wò mí, ó ní, “Dádì, ẹ̀yin lẹ máa ń bá wa wí bí a bá gbàgbé iná yàrá láìpa. Ẹ wá jókòó ti ogún mọ́tò tó ń yí po lójú kan, tí wọ́n á tún padà síbi tí wọ́n ti gbéra. Ibo ni wọ́n tiẹ̀ ń lọ?”

Ibo ni wọ́n ń lọ? Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́nu mọ́. Mo ní kò mọ nǹkan kan. Inú bí mi, inú bí òun náà, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a kò fi sọ ju “ẹ káàárọ̀, sà” àti “káàárọ̀” lọ. Ṣùgbọ́n àgbà tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè ọmọ rẹ̀, tó wá fi ìbínú bo ojú, ó yẹ kó padà sí kíláàsì. Mo padà sí kíláàsì. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo mú wá fún yín.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn tó ń darí Formula 1 fúnra wọn gbé ìṣirò jáde. Wọ́n ní ní ọdún 2018, eré náà tú èéfín tó tó 256,551 tọ́ọ̀nù sínú afẹ́fẹ́. Èéfín tí mo ń wí ni carbon dioxide àti àwọn ìbátan rẹ̀, èyí tó ń mú kí ayé máa gbóná, tí òjò kò fi mọ ìgbà tó yẹ kó rọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n béèrè bí olùkọ́: bí a bá pín èéfín yìí sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, mélòó lẹ rò pé ó jáde láti ẹnu páìpù àwọn mọ́tò eré náà? Mo bi àwọn ará ibi iṣẹ́ mi. Ẹnì kan ní 80, èkejì ní 60. Èmi náà ì bá ti sọ 50.

Ìdáhùn rẹ̀ ni 0.7. Kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Ibo ni ìyókù wà? Ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún wá láti inú ẹrù kíkó: bàálù, ọkọ̀ ojú omi àti tírélà tó ń kó mọ́tò, táyà, irinṣẹ́ àti ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n kiri ayé. 27.7 jẹ́ ti ìrìnàjò àwọn òṣìṣẹ́ àti òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń sùn sí. 19.3 jẹ́ ti àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò náà. 7.3 sì jẹ́ ti ètò ibi eré gan-an. Ìṣirò náà kò tiẹ̀ ka ìrìnàjò àwọn òǹwòran mọ́ ọn. Ẹni tó wọ bàálù láti ilẹ̀ mìíràn wá wòran, èéfín tirẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Kí ẹ má baà rò pé mo ń fi nọ́ńbà ṣeré, ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan pọ̀. Lábẹ́ òfin tó wà láti 2019 títí di 2025, mọ́tò kan kò gbọdọ̀ lo ju 110 kílò epo lọ nínú eré kan. Ogún mọ́tò ló ń sá a nígbà náà, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,200 kílò, ìyẹn nǹkan bí i 2,900 lítà. Ẹ sì mọ tánkà elépo tó ń kọjá lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tó ń gbé 33,000 lítà. Epo tí gbogbo wọn jọ jó lọ́jọ́ eré kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá tánkà kan ṣoṣo. Àwa tí jẹnẹrétọ̀ ń kọrin fún lálaalẹ́ mọ̀ pé ìyẹn kò tó nǹkan.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mọ́tò tó ń ké ramúramù lójú pápá ni ẹ̀fà. Bàálù tó gbé e débẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọdún 1950 ni ìdíje àgbáyé Formula 1 bẹ̀rẹ̀. Eré méje ni wọ́n sá lọ́dún náà. Mẹ́fà wà ní Yúróòpù, ìkeje wà ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 2024, eré ti di mẹ́rìnlélógún, láti Ọsirélíà dé Japan, láti Saudi Arabia dé Brazil. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń tò ó gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ṣe tò ni, ì bá sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti ọdún 2022. Ní oṣù karùn-ún wọ́n wà ní Miami. Wọ́n sọdá òkun padà sí Yúróòpù. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà wọ́n sá eré ní Baku, ní Azerbaijan. Nígbà tó di ọjọ́ kọkàndínlógún, ọ̀sẹ̀ kan péré, wọ́n ti tún sọdá òkun kan náà, wọ́n ń sá eré ní Montreal ní Kánádà. Ó dà bí ẹni tó ná ọjà Ògbómọ̀ṣọ́, tó sáré padà wá sí Èkó, tó tún kó ẹrù rẹ̀ gba Ìlọrin lọ. Ìyá olọ́jà wo, nínú àwọn ìyá tó tọ́ wa, ló ń ná ọjà bẹ́ẹ̀ tí kò ní jẹ gbèsè?

Àwọn tó ń ké pé kí wọ́n dín eré yìí kù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí ọdún 1973, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dá epo dúró fún Amẹ́ríkà, àwọn ará ibẹ̀ ń tò síwájú ilé epo bí àwa náà ṣe mọ̀ ọ́n tò. Ní 1974, wọ́n gé eré Daytona 500 kù láti máìlì 500 sí 450, eré oníwákàtí 24 ti Daytona ni wọn kò tilẹ̀ sá rárá lọ́dún náà. Eré mọ́tò kò kú. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún wà níbẹ̀.

Ní Brazil, àwọn kan fẹ́ gbé eré kúrò ní São Paulo lọ sí Rio de Janeiro, kí wọ́n sì la pápá tuntun sínú igbó Camboatá ní Deodoro. Igi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọn ì bá gé lulẹ̀. Àwọn ará ìlú kọ̀. Ní 2020, Lewis Hamilton fúnra rẹ̀ sọ ní gbangba pé òun kò fara mọ́ ọn, nígbà tí pápá tó dára wà ní Brazil tẹ́lẹ̀. Ní 2021, ìlú Rio fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, igbó sì wà níbẹ̀. Sebastian Vettel náà, ọmọ Jámánì tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, jókòó sórí ètò Question Time ti BBC ní oṣù karùn-ún 2022. Wọ́n bi í bóyá alágàbàgebè kọ́ ni òun, tó ń jà fún àyíká tó sì ń fi mọ́tò eré jẹun. Kò jiyàn. Ó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo bọ̀wọ̀ fún un lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tó gba ife lọ.

Ṣùgbọ́n ìtàn tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù lọ kì í ṣe ti Formula 1. Ti NASCAR ni, eré mọ́tò tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn jù.

Ẹ̀yin tó ṣe Kẹ́mísìrì, ṣé ẹ rántí olùkọ́ wa tó kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù pé wọ́n ń po òjé mọ́ pẹtiróòlù kí ẹ́ńjìnnì má baà máa kàn kọ̀kọ̀kọ̀? Inú mi dùn pé Bàbá wà níjòókòó níhìn-ín lónìí. Bàbá, a kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò, a kò sì ronú kàn án mọ́. Àìmọye ìgbà la fi rọ́bà àti ẹnu wa fa epo láti inú tánkì mọ́tò, tí a tu ú dànù, tí a ń rẹ́rìn-ín. Májèlé ni òjé. Ó ń wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé, ó ń ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ tí a lè ní kò léwu.

Amẹ́ríkà fi òfin de epo olójèé pátápátá fún mọ́tò ojú títì láti ọjọ́ kìíní ọdún 1996. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ mọ́tò eré sílẹ̀. Wọ́n ní eré ni. Ní tiwa, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ìhà gúúsù Sàhárà pàdé ní Dakar ní 2001, wọ́n pinnu láti fi epo olójèé sílẹ̀. Nígbà tí ọdún 2006 bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fi í sílẹ̀, Nàìjíríà náà wà nínú wọn. Ẹ jẹ́ kó yé yín dáadáa: ọlọ́kadà tó wà ní Mọ́kọlá ti ń fi epo tí kò lójèé rìn, nígbà tí àwọn mọ́tò NASCAR, ní orílẹ̀-èdè tó lówó jù láyé, ṣì ń fọ́n òjé sórí ọmọ ọlọ́mọ. Ọdún 2007 ni wọ́n tó yí padà.

Ní 2021, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Alex Hollingsworth àti Ivan Rudik, gbé ìwádìí wọn jáde lórí àwọn àgbègbè tí wọ́n ti ń sá eré náà. Wọ́n rí i pé òjé tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé ibẹ̀ ga, pé àwọn arúgbó tó ń kú sì pọ̀ sí i, àti pé nígbà tí eré fi òjé sílẹ̀, nǹkan yí padà sí rere. Ọmọ tí kò gba tíkẹ́ẹ̀tì, tí kò mọ orúkọ awakọ̀ kan, òun ló san owó ìran.

Ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí nìyí. Nígbà tí wọ́n yọ òjé kúrò, ṣé eré parun? Rárá o. Ariwo ẹ́ńjìnnì ṣì wà, òǹwòran ṣì wà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní bí a bá dín nǹkan kù nínú eré mọ́tò, eré ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ rán an létí 1974 àti 2007.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ọ̀rẹ́ mi tó wà lápá ọ̀tún yìí ti ń mi orí láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ óò ní, bọ́ọ̀lù ńkọ́? Òótọ́ ni. FIFA fúnra rẹ̀ ṣírò pé ìdíje ife àgbáyé 2022 ní Qatar yóò tú èéfín tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ tọ́ọ̀nù jáde. Ẹ óò ní, gáàsì tí wọ́n ń sun ní Niger Delta tọ̀sán tòru ńkọ́? Òótọ́ ni, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá sì ni. Ẹ óò tún ní eré yìí ń kọ́ wa ní ọgbọ́n, pé ẹ́ńjìnnì Formula 1 ti mọ bí a ṣe ń sọ ju ìdajì agbára inú epo di ìrìn, nígbà tí ọ̀pọ̀ mọ́tò tiwa ń fi èyí tó pọ̀ jù ṣòfò sínú ooru. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìwà ẹni tó burú jù wá lọ kò sọ wá di ẹni rere. Ìyẹn ni olùkọ́ máa ń sọ fún wa bí a bá ní, “Sà, kì í ṣe èmi nìkan ni mo pariwo.”

Èmi kò sí lára àwọn tó ní kí wọ́n pa eré náà rẹ́. Mo wà lára àwọn tó ní kí wọ́n fi òfin há a mọ́ ibi tí ìpalára rẹ̀ wà gan-an. Àwọn ọ̀gá Formula 1 ti ṣe ìlérí pé nígbà tó bá di 2030, èéfín wọn kò ní ju ohun tí wọ́n lè dí lọ; wọn yóò dín in kù ní ìdajì ó kéré tán, wọn yóò sì sanwó fún igi gbígbìn àti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti fi dí ìyókù. Wọ́n ní nígbà tó di òpin 2024, àwọn ti dín in kù ní ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún sí ti 2018. Mo kí wọn. Wọ́n gbé eré Japan lọ sí oṣù kẹrin ní 2024, kí ó lè sún mọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀. Nínú ètò ti 2026, wọ́n fi Kánádà tẹ̀ lé Miami. Láti ìgbà àrùn kòrónà ní 2020, ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wọn ń ṣiṣẹ́ láti Biggin Hill ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò kí wọ́n wọ bàálù.

Ohun méjì ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Àkọ́kọ́, epo tuntun tí kò ti inú ilẹ̀ wá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2026, òun ni wọ́n ń lu ìlù rẹ̀ jù. Ó dára, ó sì lè ṣe ayé láǹfààní lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n nínú ìṣirò tiwọn, 0.7 yẹn ló ń wò sàn. Èkejì ni owó dídí náà. Ó dà bí ẹni tó jẹun yó lọ́sàn-án ààwẹ̀, tó wá sanwó fún aládùúgbò pé kó bá òun gbà á.

Bí wọ́n bá bi mí, ohun mẹ́ta ni n óò sọ. Kí wọ́n fi ẹnu iye eré ọdún kan kò sójú kan, kó má máa gùn sí i. Kí wọ́n to eré àgbègbè kan pọ̀, kí ẹrù máa fi ọkọ̀ ojú omi àti ojú irin lọ níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Kí wọ́n sì ka ìrìnàjò òǹwòran mọ́ ìṣirò, nítorí ohun tí a kò kà, a kò lè dín in kù.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ibì kan wà tí èmi àti àwọn tó ń ké kò ti fohùn ṣọ̀kan. Ọdún 1993, ní Kyalami ní Gúúsù Áfíríkà, ni wọ́n ti sá eré Formula 1 kẹ́yìn ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní oṣù kejìlá 2024, ààrẹ Rwanda kéde pé orílẹ̀-èdè òun ń du eré náà. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Bí a bá ń ṣẹ́ oúnjẹ kù nínú ilé, ṣé ọmọ tí kò tíì jẹ la ó kọ́kọ́ gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀? Yúróòpù nìkan ń gba eré mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá lọ́dún kan. Kí wọ́n mú ti Áfíríkà nínú ti àwọn tó ti yó.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà mo ń bọ̀ nílé. Èmi tó ń sọ̀rọ̀ yìí, bàálù ni mo wọ̀ wá láti Lọ́ńdọ́nù. Ẹ má wulẹ̀ bi mí, mo mọ̀. Ní àárọ̀ yìí, mo ka mọ́tò tó wà lórí pápá bọ́ọ̀lù wa, mo ka 61. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹnì kan ṣoṣo àti awakọ̀ ló bọ́ sílẹ̀. Mo sì gbọ́ pé ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ń gbèrò pé lọ́dún tó ń bọ̀, kí sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan fi mọ́tò tò yí ìlú ká, kí a fọn fèrè, kí ìlú mọ̀ pé a dé. Alàgà, ẹ forí jì mí, ṣùgbọ́n ọmọ mi yóò béèrè pé, ibo ni wọ́n ń lọ? Àbá mi ni pé kí a háyà bọ́ọ̀sì méjì tàbí mẹ́ta, kí sẹ́ẹ̀tì pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀tì, kí a jọ máa kọrin ilé-ìwé bọ̀ láti Ìbàdàn. Owó epo tó bá ṣẹ́ kù, kí a fi tún òrùlé yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń jò ṣe. Mo ti fi owó epo tèmi lé akápò lọ́wọ́ kí n tó gun orí pèpéle yìí.

Ní ti ọmọ mi, mo padà lọ bá a. Mo ní, “Ìwọ lo jàre, ṣùgbọ́n ibi tí o nawọ́ sí kọ́ ni iná ti ń jó jù.” Mo fi ìṣirò hàn án. Ó kà á títí. Ó ní, “Dádì, ẹ kú iṣẹ́.” Mo ṣì ń wo eré mi lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà mìíràn ó máa ń wá jókòó tì mí. Kì í wo ẹni tó ṣíwájú. Bí eré bá ti parí, ohun kan ṣoṣo ló máa ń béèrè: “Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ibo ni wọ́n ń lọ?” A ó jọ yẹ ìwé wò. Bó bá jẹ́ òdìkejì òkun ni, a ó jọ mi orí.

Mo ti gbọ́ agogo.  Ilé-ìwé wa kò ní wó, àwa náà kò ní ṣubú.